Ràsákì Dìbò, Wọ́n Kà Á

Ìròyìn tó dé etí Àdìjá ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá ààbọ̀ òwúrọ̀ Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kọkànlá ọdún 1993, ni pé wọ́n rí ọkọ rẹ̀ tó ti kú ní ibùdókọ̀ Okokomáíkò. Felicia, ayálégbé tó wà ní yàrá kejì sí tirẹ̀, ló mú ìròyìn náà wá. Kò jókòó kó tó sọ ọ́, kò sì gbé gálọ́ọ̀nù kẹrosíìnì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyá Ọláídé, mo rí Bàbá Ọláídé," ni Felicia wí. "Gbogbo wọn pátá. Ara Bọ̀dá Àsánì ni wọ́n wà."

Àdìjá kò bi í pé kí ló ń sọ. Ràsákì ọkọ rẹ̀ ti wà lábẹ́ ilẹ̀ láti oṣù keje. Ohun tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ lókè eèpẹ̀ kò ju aṣọ ìbora kan lọ, èyí tí Àdìjá gé nínú ẹ̀wù mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí olóògbé fi sílẹ̀, tí ó rán pọ̀ ní ègé-ègé, tí ó tẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì ògbólógbòó sáàárín rẹ̀, tí ó sì gán yíká kí ó má baà yẹ̀. Ọwọ́ Àsánì, ẹ̀gbọ́n Ràsákì tó tún jẹ́ olórí ẹbí, ni aṣọ náà wà fún ìtọ́jú. Ọ̀la, ọjọ́ tí Àdìjá yóò jáde opó, ni ó yẹ kí Àsánì dá a padà.

Ìtọ́jú ni wọ́n jọ sọ. Kò sí ẹni tó dárúkọ wíwọ̀.

Felicia tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Àsánì ti Òjó bọ̀, ó sọ̀kalẹ̀ ní Okokomáíkò, ó ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé e dé Ọ̀tọ̀-Àwórì, níbi tí wọ́n ti fẹ́ so yìgì Ọmọ́ṣaléwá ọmọ rẹ̀ ní mọ́sálásí àwọn àna. Ó ṣẹ́ etí aṣọ náà lé èjìká méjèèjì bí agbádá. Orí rẹ̀ yọ níta bí orí ahun.

"Orí rẹ̀ yọ níbo?" ni Àdìjá béèrè.

"Ní àárín."

"Àárín gan-an?"

"Ìyá Ọláídé, ẹni tí yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Ọrùn ni mo kọ́kọ́ wò. Àárín ni."

Àdìjá jókòó. Àárín aṣọ náà ni ó kọ ọ̀rọ̀ sí. Bí ẹnikẹ́ni bá ti gbẹ́ ihò ọrùn síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ni yóò kọ́kọ́ lọ.

Ràsákì, ọmọ bíbí Ìpókíá, ta fáànù àti ẹ̀yà ara fáànù ní ọjà Alábà fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Oge ni àìsàn rẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń wà nínú gíríìsì láti òwúrọ̀ di alẹ́, bí ọjọ́ Jímọ̀ bá pé báyìí, yóò yọ sí ọ̀nà mọ́sálásí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Ó ní agbádá àrán aláwọ̀ obì. Ó ní léèsì aláwọ̀ eérú. Ó ní gínì funfun mẹ́rin tí kò sí ẹ̀dá tó lè sọ ìyàtọ̀ wọn, àfi òun. Ó sì ní dáńṣíkí funfun kan tó ti gbó lọ́rùn, tí Àdìjá ti fẹ́ fi nulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí ọkọ rẹ̀ sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Dáńṣíkí yìí ni ó wọ̀ lọ dìbò ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà. Ó ní ìlà yóò gùn, oòrùn yóò mú, kò sì sí ìdí tí èèyàn fi ń da àrán láàmú nítorí ìjọba. Ẹni kẹtàdínláàádọ́ta ni lórí ìlà. Nígbà tí ó dìbò tán, kò lọ sílé. Ó dúró títí wọ́n fi tú àpótí, tí wọ́n ka ìwé ìdìbò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú gbogbo àdúgbò, tí wọ́n sì kéde iye rẹ̀. Ó wọlé ní ìrọ̀lẹ́, ó béèrè oúnjẹ, ó ní wọ́n ka tòun lójú òun.

Ní ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn rẹ̀, ìjọba ológun fagi lé ìbò náà. Ràsákì gbé àga ti rédíò, ó ń dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n wọ́n ti kà á," ni ó ń wí fún un. Ó wí i fún rédíò, ó wí i fún oníbàárà tó wá ra abẹ̀bẹ̀ fáànù, ó wí i fún Àdìjá nígbà tí ìyẹn ń béèrè bóyá ẹja tàbí ẹran ni kí òun sè. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù keje, ó ṣubú nínú ìsọ̀ rẹ̀, kò sì dìde mọ́. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Àdìjá kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìjọba ló pa ọkọ òun, nítorí ó mọ iye iyọ̀ tí Ràsákì máa ń bù sí ọbẹ̀ lẹ́yìn tí òun bá ti bu tòun sí i. Ṣùgbọ́n gbólóhùn náà kò kúrò létí rẹ̀.

Nínú ẹbí Ràsákì, ẹ̀wù òkú kì í ṣe ti opó. Àwọn ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá ni í pín in lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́. Àdìjá mọ èyí dáadáa, nítorí pé nínú irú ìpín bẹ́ẹ̀ ni Ràsákì ti rí méjì nínú gínì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò ní ìjà pẹ̀lú àṣà títí di àdúà ọjọ́ kẹjọ. Ní ọjọ́ náà, Wàsíù àbúrò Ràsákì, tí ń bá àwọn tó ń ta àgbò ní Alábà Rago wá oníbàárà, wọ bùbá kan tí ó ti yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ikú tó dé. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó kẹ́yìn sí ilé. Àdìjá rí ẹ̀yìn náà, ó sáré bu omi ìfọwọ́, ó gbé àga sí àyè rẹ̀, ó sì ti ń ṣí ìkòkò kí Wàsíù tó yíjú padà.

Ó gbé omi náà fún Wàsíù, Wàsíù fọwọ́, ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Àdìjá ti rí ohun tó ń bọ̀. Ẹ̀wù mọ́kànlélọ́gbọ̀n yóò fọ́n ká sí ara èèyàn mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, láti Òjó dé Ìbá, kò sì ní sí ọjọ́ Jímọ̀ kan tí ẹ̀yìn Ràsákì kò ní kọjá lójú pópó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú sísọ́ọ̀sì.

Aránṣọ ni Àdìjá, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Ìbá. Opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá kò jẹ́ kí ó lè jáde, nítorí náà wọ́n ti bá a gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wá sí pálọ̀. Ó ṣe òfin kan fún ara rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀: ẹ̀wù kan, ègé kan. Àrán kò ní ju àǹkárá lọ, léèsì kò ní gba àyè ṣòkòtò ìsùn. Ìyókù ẹ̀wù ni yóò fi ṣe ẹ̀yìn aṣọ náà. Nígbà tí ó rán àrán aláwọ̀ obì mọ́ ṣòkòtò ìsùn tó ti ya ní ìdí, ó rí ojú tí Ràsákì ìbá fà, ó sunkún, ó sì rẹ́rìn-ín lórí ẹ̀rọ tó bẹ́ẹ̀ tí Felicia fi wá kanlẹ̀kùn. Àyà dáńṣíkí funfun ni ó fi sí àárín. Òwú pupa ni ó fi kọ ọ́ síbẹ̀, lẹ́tà ńláńlá: RÀSÁKÌ DÌBÒ. WỌ́N KÀ Á.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ, ni wọ́n ṣe àdúà ogójì, ọjọ́ méjì ṣáájú àkókò, kí àwọn ọlọ́jà lè ráyè. Wàhábì, ààfáà àdúgbò, parí àdúà. Àpèkẹ́, àbúrò Ràsákì lóbìnrin, ló ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìkọ́ aṣọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ń fì nínú rẹ̀, wọ́n sì ń kan ara wọn.

Oníkálukú ló ti fojú sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Àpèkẹ́ fẹ́ fi àǹkárá ṣe ìrọ̀rí. Wàsíù ti ra fìlà tó bá léèsì aláwọ̀ eérú mu. Nígbà tí Àdìjá tẹ́ aṣọ ìbora náà sílẹ̀, Wàsíù bọ́ fìlà ọ̀hún, ó ń gbé e lé ègé kan tẹ̀ lé òmíràn títí ó fi rí èyí tó ń wá. Wọ́n bára mu rẹ́gí. Ó fi fìlà náà sílẹ̀ lórí ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni ń ṣe ìbẹ̀wò.

Àsánì ló ká lára jù. Akọ̀wé garéèjì ni kó tó fẹ̀yìn tì, ohùn rẹ̀ kò sì tíì fẹ̀yìn tì. Ó ti sọ fún gbogbo garéèjì pé àrán aláwọ̀ obì ni òun yóò wọ̀ síbi yìgì ọmọ òun. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n tú aṣọ náà lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ tú u," ni Àdìjá wí láti orí ẹní rẹ̀. "Bọ̀dá, ègé tí ẹ máa bá níbẹ̀ kò tó yín ṣe fìlà."

Ìyẹn kò tu Àsánì nínú. Àpèkẹ́ dá a lábàá pé kí wọ́n gé aṣọ náà sí ọgbọọgba kí kálukú mú tirẹ̀. Àdìjá sún láti orí ẹní, ó sì jókòó lé aṣọ náà. Nígbà tí àríyànjiyàn gba wákàtí kan kọjá, tí ìrẹsì sì ń tutù, Ààfáà Wàhábì ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: kí wọ́n dìbò, irú èyí tí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ṣe ní wọ́ọ̀dù, kí kálukú tò sẹ́yìn ẹni tó bá fẹ́ kí aṣọ náà jẹ́ tirẹ̀. Àsánì gbà kíá. Láti oṣù kẹfà ni ó ti ń pariwo ní garéèjì lórí ìbò tí wọ́n fagi lé, kò sí ẹni tó mọ iyì ìlà bí tirẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òun ni olórí ẹbí, ó sì dá a lójú pé ẹbí yóò tò sẹ́yìn orí.

Àdìjá dúró sábẹ́ igi máńgòrò inú ọgbà. Àsánì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Àpèkẹ́ lọ sẹ́yìn Àsánì. Wàsíù fi ẹsẹ̀ kan sí ìlà kan, ó fi èkejì sí ìlà kejì, títí ààfáà fi ní kí ó yan ibi tí yóò gbé ara sí. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Àsánì, ó sì fa àgbò sàráà tí wọn kò tíì pa tẹ̀ lé ara rẹ̀. Ààfáà Wàhábì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́rìnlá wà lẹ́yìn Àdìjá, mẹ́sàn-án lẹ́yìn Àsánì. Àsánì ní mẹ́wàá ni. Ààfáà ní àgbò kì í ṣe ọmọ ẹbí, àti pé bí wọ́n bá tilẹ̀ gbà á wọlé, Àdìjá ni ó kọjú sí.

Ibẹ̀ ni Àsánì gbé ọwọ́ sókè. Ó ní ìbò náà ní àbùkù. Ìlà Àdìjá wà lábẹ́ ìbòòji, tòun wà nínú oòrùn; ìbòòji ni àwọn èèyàn dìbò fún. Nítorí náà, gẹ́gẹ́ bí olórí ẹbí, òun fagi lé e.

Àpèkẹ́, tó ṣì wà lórí ìlà rẹ̀ nínú oòrùn, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Bọ̀dá," ni ó wí, "ẹ̀yin náà?"

Ẹ̀rín tó tẹ̀ lé e lé adìyẹ kúrò nínú ọgbà. Ó hàn lójú Àsánì pé bí ó bá rí ọ̀nà ìbá gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì, ṣùgbọ́n àgbà kì í gbé irú rẹ̀ mì lójú àwọn ìyàwó ilé. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n gbé ìjọba fìdíhẹẹ́ kalẹ̀ ní Àbújá. Àsánì ní ẹbí náà yóò ní tirẹ̀. Aṣọ náà kò ní jẹ́ ti ẹnikẹ́ni títí Àdìjá yóò fi jáde opó. Ọwọ́ olùtọ́jú fìdíhẹẹ́ ni yóò wà. Olùtọ́jú ọ̀hún sì ni òun. Ó ká a, ó gbé e sábẹ́ apá, ó lọ. Àdìjá kò lè tẹ̀ lé e kọjá géètì nítorí opó. Ó dúró ti géètì títí etí àrán aláwọ̀ obì fi yí kọ́nà.

Oṣù mẹ́ta ni ó fi ń sùn lábẹ́ aṣọ ìbora tuntun tí Ọláídé ọmọ rẹ̀ rà fún un. Aṣọ náà gbóná, kò sì mọ nǹkan kan nípa Ràsákì. Nígbà tí àwọn ológun lé ìjọba fìdíhẹẹ́ ti Àbújá lọ ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kọkànlá, tí wọ́n sì gba ìjọba padà, Àdìjá gbọ́ ọ lórí rédíò kan náà. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé ti Àsánì ló kù.

Ní òwúrọ̀ Sátidé yìí, Felicia ṣì ń ròyìn. Ó ní ọjọ́ mẹ́wàá nìyí tí ìlú ti ń fi ẹnu sínú, tí kálukú ń wo ẹ̀yìn kó tó sọ̀rọ̀. Bàbá arúgbó kan wá yọ ní ibùdókọ̀ ní ọjọ́ ọjà, ó kó aṣọ ọlọ́gbọ̀n àwọ̀ wọ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ ìbò síra. Awakọ̀ kan ṣí fìlà fún un. Ìyá oníbúrẹ́dì kan ń gbìyànjú láti ka ohun tó kọ, ẹnì kan kà á sókè fún un, ìyá náà fa búrẹ́dì kan yọ ó sì fi lé Àsánì lọ́wọ́. Wọ́n ń bi í pé ta ni Ràsákì. Àsánì kọ́kọ́ ní àbúrò òun ni. Nígbà tí ó fi máa di ẹ̀ẹ̀mẹta, ohùn garéèjì ti padà dé, ó ti gun orí bẹ́ǹṣì, ó ń sọ bí wọ́n ṣe ka ìbò lójú Ràsákì, kò sì fo ibì kan.

Àdìjá béèrè bóyá ọ̀rọ̀ àárín náà hàn. Felicia ní ó hàn, báwo ni wọn ì bá ṣe kà á. Àdìjá ní bí orí bá yọ ní àárín, tí ọ̀rọ̀ sì wà ní àárín, ọ̀kan nínú méjèèjì kò lè sí níbẹ̀. Felicia ronú sí i títí, ó ní gálọ́ọ̀nù ń wúwo, ó sì lọ.

Ní agogo méjì ọ̀sán, Wàsíù dé láti Ọ̀tọ̀-Àwórì. Ó gbé báàgì ńlá kan lórí, ó sì gbé e ka iwájú Àdìjá.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán an gùn. Ó ní wọ́n so yìgì tán, ó sì dára. Bàbá ọkọ ìyàwó dìde fún Àsánì nítorí ohun tí ó wọ̀, lèmọ́ọ̀mù ka ọ̀rọ̀ náà sókè, àwọn àgbà ṣe àmín. Ẹnì kan wá béèrè lọ́wọ́ Àsánì pé òun alára ńkọ́, ṣé wọ́n ka tirẹ̀. Àsánì kò jẹun. Nígbà tó yá, ó rán Wàsíù lọ sí ilé rẹ̀ ní Òjó pé kí ó kó ẹ̀wù mẹ́sàn-án tó dára jù wá fún Àdìjá, kí ó rán tirẹ̀ náà pọ̀ nígbà tí ó ṣì wà láyé. Kí ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé Àsánì náà dìbò. Ti pé wọ́n kà á, kí ó fi ìyẹn sílẹ̀, nítorí ebi ti lé e kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó tú àpótí. Àti pé kí ègé tirẹ̀ tóbi díẹ̀ ju ti Ràsákì lọ, òun ni ẹ̀gbọ́n.

Àdìjá gbọ́ ọ tán. Ó béèrè ibi tí aṣọ Ràsákì wà. Wàsíù ní ó ń bọ̀, pé Bọ̀dá fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e wá kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí fìdíhẹẹ́ ti parí. Àdìjá béèrè nípa ọrùn. Wàsíù búra pé kò sí ihò kankan, pé ńṣe ni wọ́n ká a po mọ́ ọrùn bí ti àwọn baálẹ̀, tí orí fi dà bí ẹni yọ ní àárín. Àdìjá béèrè bóyá ojú rẹ̀ ló ṣe nígbà tí Bọ̀dá ń múra. Wàsíù ní rárá, ṣùgbọ́n òun mọ ẹ̀gbọ́n òun.

Àpèkẹ́ wọlé lórí ọ̀rọ̀ náà, òun pẹ̀lú ń ti ibi yìgì bọ̀. Wọ́n bi í. Ó ní ẹ̀yìn làwọn obìnrin jókòó sí ní mọ́sálásí, ẹ̀yìn aṣọ ni òun fojú rí, ẹ̀yìn ọ̀hún sì rẹwà.

Àdìjá ṣí báàgì. Ó mú agbádá gínì funfun tó wà lókè, èyí tí gbogbo Òjó mọ̀ mọ́ Àsánì lọ́jọ́ ọdún. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó ká a sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi ṣọ́ọ̀kì pupa sàmì sí ibi tí ìká mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pàdé, ó tún un tẹ́. Ó ṣí sísọ́ọ̀sì, ó sì gbé e lé orí àmì náà láìgé nǹkan kan.

"Ọkọ mi," ni ó wí fún Wàsíù, "ẹ padà lọ bá mi kí Bọ̀dá. Ẹ ní mo gbọ́ ohun tí wọ́n wí, mo sì máa rán an. Ẹ ní èmi náà ti rí àárín tèmi, aṣọ Ràsákì ni mo ń retí kí n tó mọ ohun tí mo máa ṣe sí i."

Wàsíù wo sísọ́ọ̀sì, ó wo agbádá, kò sì dúró mu omi.

Nígbà tí wọ́n fi pe ìrun àsárì, aṣọ náà kò tíì dé. Lórí ọ̀rọ̀ ihò ọrùn, ẹlẹ́rìí mẹ́ta ló wà, ẹ̀rí kò sì papọ̀. Ọkùnrin kan tó ń ti Ìyànà-Ìbá bọ̀ sọ fún Felicia pé òun rí bàbá kan tó sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ tó ń sáré, tó di nǹkan ńlá mọ́ abẹ́ apá, tí Wàsíù sì ń tẹ̀ lé e. Bóyá aṣọ ìbora náà ni, àti bóyá àárín rẹ̀ ṣì pé, kò sí ẹni tó tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀.